Kí Fọ́tò Yín Má Baà Bá Iná Lọ

Bí ẹ bá jẹ́ ayafọ́tò ní Pánṣẹ́kẹ́, tàbí ẹ ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú tí ẹ sì ń ya bátànì kọ̀ọ̀kan pamọ́, ó dá mi lójú pé fóònù yín ti kún. Ẹ lè gbé kọ̀ǹpútà kékeré kan sílé, kí ẹ máa tàn án sílẹ̀ tọ̀sán-tòru, kí gbogbo fóònù inú ilé máa kó fọ́tò sínú rẹ̀ láti orí Wi-Fi. Server ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀rọ ìpamọ́ ni èmi yóò máa pè é. Ẹ wò ó bí àká inú agboolé: kì í ṣe ti ẹnì kan, gbogbo ilé ló ń kó síbẹ̀, gbogbo ilé ló ń bù níbẹ̀.

Ẹ má ná gbogbo owó yín sórí kọ̀ǹpútà náà. Tòkunbọ̀ kékeré bíi ThinkCentre tàbí EliteDesk, èyí tí kò fi bẹ́ẹ̀ ju Bíbélì orí pẹpẹ lọ, ti tó. Ẹ ó rí i rà ní Computer Village n'Íkẹjà. Bí kò bá níṣẹ́ púpọ̀ lọ́wọ́, iná tó ń jẹ kì í sábà ju wáàtì 20 lọ. Gílóòbù àtijọ́ oníwáàtì 60 jẹ ju ìyẹn lọ ní ìlọ́po mẹ́ta.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an ni ibi tí fọ́tò ń sùn sí. Oríṣi méjì ló wà. Èkíní ni hard disk, tí a ó máa pè ní díìsìkì ayípo. Ẹ rántí àwo rẹ́kọ́ọ̀dù àwọn bàbá wa: irú àwo bẹ́ẹ̀ ló wà nínú rẹ̀, tó ń yí ní ìgbà 5,400 tàbí 7,200 láàárín ìṣẹ́jú kan. Ohun tó ń kà á kì í fara kàn án bí abẹ́rẹ́ gramafóònù. Ńṣe ló ń rábàbà lókè rẹ̀, àlàfo àárín wọn sì tín-ín-rín débi pé ẹyọ eruku ọyẹ́ kan kò lè gba ibẹ̀ kọjá. Ìdí nìyẹn tí a kì í fi í gbé e kiri nígbà tó bá ń yí lọ́wọ́.

Èkejì ni SSD, díìsìkì aláìyípo. Kò sí ohun tó ń yí nínú rẹ̀, ó yára, àmọ́ ó wọ́n bí ẹ bá ń wá ààyè ńlá. Nílé tèmi, ètò tó ń darí ẹ̀rọ wà lórí aláìyípo, fọ́tò wà lórí ayípo. Fíláàṣì àti mẹ́mọ́rì káàdì wà fún ká fi gbé nǹkan láti ibì kan dé ibòmíràn, ẹ má fi wọ́n ṣe àká.

Nínú ohun tójú mi ti rí ní Abẹ́òkúta, iná ń pa díìsìkì ju ọjọ́ ogbó lọ. Lóru ọjọ́ kan l'Ọ́bàntokò, òjò ń rọ̀, mò ń da fọ́tò ìgbéyàwó kan sínú ẹ̀rọ. Iná ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mẹta, ó lọ. Nígbà tó padà dé, gílóòbù funfun bíi ti àwọn wẹ́dà. Kò pẹ́ tí mo fi gbọ́ tík, tík, tík, mo sì rò pé ọmọńlé ni. Díìsìkì ni.

Ohun méjì ló ṣẹlẹ̀ lóru yẹn. Àkọ́kọ́, iná lọ nígbà tí ẹ̀rọ ń kọ̀wé lọ́wọ́. Ó dà bí alájọ tó ti gba owó yín tí kò tíì fa igi sórí káàdì: owó wà nínú àpò, kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó ni ín. Ìkejì, iná padà dé pẹ̀lú agbára tó pọ̀ jù. Sitẹbiláísà lè bá yín bójú tó ìkejì, ṣùgbọ́n kò lè di iná mú fún yín nígbà tó bá lọ. UPS ló ń ṣe ìyẹn, nítorí bátìrì wà nínú rẹ̀. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ló máa fún yín. Ẹ so okùn USB ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ, kí ẹ̀rọ lè mọ̀ pé iná ti lọ kó sì pa ara rẹ̀ bó ti yẹ. Inú páálí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń fi okùn yẹn sílẹ̀ sí! Kódà bí ẹ bá ní inverter, ẹ fi UPS sáàárín, torí inverter mìíràn máa ń lọ́ra kó tó gba iṣẹ́.

Díìsìkì tòkunbọ̀ ńkọ́? Mo máa ń rà á, ṣùgbọ́n mi ò ní rà á láìyẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ ní kí ẹni tó ń tà á fi CrystalDiskInfo, tó jẹ́ ọ̀fẹ́, ṣí i lójú yín. Ẹ wo Power On Hours: wákàtí 8,760 ló wà nínú ọdún, nítorí náà èyí tó bá ka 40,000 ti ṣiṣẹ́ ju ọdún mẹ́rin àbọ̀ lọ láìsinmi. Bí Current Pending Sector bá ju òdo lọ, ẹ dá a padà, bó ti wù kí owó rẹ̀ rọjú tó.

Àwọn kan á ní, “Ẹ̀gbọ́n, mo ti so díìsìkì méjì pọ̀.” Ó dáa. RAID 1 nìyẹn, díìsìkì ìbejì. Ohun tí ẹ bá kọ sára Táíwò ti wà lára Kẹ́hìndé lójú ẹsẹ̀. Bí ọ̀kan bá kú, iṣẹ́ ń lọ. Ṣùgbọ́n bí ọmọ yín bá ṣèèṣì pa fọ́tò rẹ́, ó ti rẹ́ lára àwọn méjèèjì. Olè tó bá gbé ẹ̀rọ náà kò ní fi Kẹ́hìndé sílẹ̀ fún yín.

Nítorí náà, ẹ̀dà kan gbọ́dọ̀ wà nílé mìíràn. Àwa Ẹ̀gbá ló yẹ ká mọ èyí jù. Ilé ìtẹ̀wé míṣọ́nnárì Henry Townsend, tó ti ń tẹ Ìwé Ìròhìn níbí láti 1859, bá Ìfọ́lé ọdún 1867 lọ, nígbà tí àwọn ará ìlú fọ́ ilé àwọn míṣọ́nnárì. Ìwé Ìròhìn tí a ṣì ń rí kà lónìí, àwọn ẹ̀dà tó ti kúrò nílé ìtẹ̀wé kí ọjọ́ náà tó dé ni. Tèmi wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Ṣàgámù: ẹ̀rọ kékeré kan tó ń gba ẹ̀dà láti ọ̀dọ̀ mi lóròòru lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ẹ ṣí fọ́tò kan láti inú ẹ̀dà yẹn, kí ẹ fojú ara yín rí i. Nígbà tí mo dán tèmi wò kẹ́yìn, fọ́tò tó tuntun jù níbẹ̀ ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi. Ó lọ wò ó, ó padà sórí fóònù.

“Áà, ìwọ lo ni wáyà yẹn? Ibẹ̀ la ti ń lọ aṣọ.”