Ẹ Má Ju Ìwé Ìpè Ìgbéyàwó Nù

Bí ìgbéyàwó bá parí ní Ọ̀tan Ayégbajú, àlejò kì í lọ lọ́wọ́ òfo. Wọ́n á kó abọ́ ike, ife, aṣọ ìnura àti ìwé kékeré lọ sílé, orúkọ ọkọ àti ìyàwó á sì wà lára gbogbo rẹ̀. Tọkọtaya náà á gba ìkòkò, ẹ̀rọ ìlọta àti owó. Ìwé ìpè tó kó gbogbo èrò yẹn jọ nìkan ni kì í rí ibi gbé. Ẹlòmíràn á fi fẹ́ra nínú ọkọ̀, ẹlòmíràn á gbàgbé rẹ̀ sórí àga, ọmọdé á sì fa ìyókù ya. Lójú tèmi, ìwé yìí gan-an ló yẹ kí ọ̀rẹ́ tàbí ẹbí fi ta tọkọtaya lọ́rẹ: kí a fi ọwọ́ kùn ún ní ọ̀dà, kí a gbé e sínú fírémù, kí a sì mú un lọ bá wọn nílé lẹ́yìn tí ariwo ìnáwó bá ti rọlẹ̀.

Ẹ wo ohun tó wà lára rẹ̀ ná. Orúkọ àwọn méjèèjì wà níbẹ̀, orúkọ bàbá àti ìyá tọ̀tún-tòsì, ìlú tí ìdílé kọ̀ọ̀kan ti wá, ilé ìjọsìn, ọjọ́ àti wákàtí. Ọmọ Ọ̀tan tó fẹ́ ọmọ Ìgbájọ, tàbí ọmọ Ìlá tó wá fẹ́yàwó ní Ọ̀tan, orí ìwé yẹn ni àna méjì ti kọ́kọ́ pàdé ní àkọsílẹ̀. Fọ́tò ò lè ṣe iṣẹ́ yìí. Fọ́tò á fi ojú hàn, ṣùgbọ́n bí ó bá di ogójì ọdún, ọmọ-ọmọ á mú un lọ́wọ́, á máa béèrè pé ta ni èyí tó wọ gèlè aláwọ̀ ewé yìí, ẹni tó mọ̀ ọ́n á sì ti kọjá lọ. Ìwé ìpè tí wọ́n fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp ńkọ́? Ọjọ́ tí fóònù bá bọ́ sómi ni ó máa bá a lọ.

Àwọn kan á ní àṣà òyìnbó ni kí a máa gbé ìwé sínú fírémù, pé kò sí nínú ìwà wa. Mi ò gbà. Ní Ìlá-Ọ̀ràngún nítòsí wa níbí, ní ọdún 1975, ọmọ Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Stephen Sprague wá ṣe ìwádìí nípa àwọn ayafọ́tò, ó sì tẹ ohun tó rí jáde ní 1978. Àwọn ará Ìgbómìnà ti sọ fọ́tò di tiwọn pátápátá nígbà yẹn. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, ayafọ́tò á ya èyí tó kù, á tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì sórí ìwé kan ṣoṣo, kí àwọn méjèèjì lè jókòó pọ̀. Ẹ̀rọ ilẹ̀ òkèèrè ni wọ́n lò, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ilé wa ni wọ́n fi sọ. Ìlá yìí náà ni Lámídì Fákẹ́yẹ ti wá, agbẹ́gilére tó kú ní 2009. Mùsùlùmí ni, síbẹ̀ ó ṣiṣẹ́ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì lọ́dọ̀ Fadá Kevin Carroll, ó sì gbẹ́ igi fún ìjọ Kátólíìkì ní ọ̀nà tí àwọn baba rẹ̀ gbà ń gbẹ́ ẹ. Àwọn aládìrẹ náà ò gbẹ́yìn. Nígbà tí ọba George Karùn-ún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé ọdún 25 lórí oyè ní 1935, wọ́n gbé àwòrán ọba àti ayaba sórí aṣọ, aṣọ náà sì ń tà. Ẹni tó lè ya àwọn òpó Gbọ̀ngàn Mápó ní Ìbàdàn sí ara àdìrẹ tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàndún pẹ̀lú ìyẹ́ adìyẹ àti ẹ̀kọ láfún, kí ni ìwé ìpè ìgbéyàwó á ti jẹ́ lójú rẹ̀? Ìwé ìtọrọ tí wọ́n ń kà níbi ìdána pàápàá, ọ̀pọ̀ ẹbí ti ń gbé e wá nínú fírémù báyìí, mi ò sì tíì rí àgbàlagbà tó kọ̀ ọ́.

Iṣẹ́ náà gba sùúrù, ó sì ní ibi tó ti máa ń bàjẹ́. Àkọ́kọ́ ni yíǹkì. Èyí tí ilé ìtẹ̀wé ńlá tẹ̀ kì í sábà ṣí, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n fi ẹ̀rọ kékeré tẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà lè máa ṣàn bí omi bá kàn án. Kí a fi òwú tútù tẹ lẹ́tà kan lórí ẹ̀dà kejì, kí a wò ó bóyá òwú náà yí àwọ̀ padà. Lẹ́yìn èyí ni bébà fúnra rẹ̀. Káàdì tó ń dán kì í gba ọ̀dà olómi. Ńṣe ni ọ̀dà á máa yí gbirigbiri lórí rẹ̀ bí omi lórí ewé kókò. Ọ̀dà akírílíìkì ló máa ń dì mọ́ irú rẹ̀, kí a sì bù ú fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́. Etí ìwé ni kí a kùn, kí a má fi ọ̀dà kan orúkọ ẹnikẹ́ni. Ohun tí a ó yà kò gbọdọ̀ jẹ́ òdòdó tí a rí lára káàdì òkèèrè. Òkè tó yí Ọ̀tan ká wà níbẹ̀. Igi kòkó tó so ní ara wà níbẹ̀, èso rẹ̀ pupa àti olómi ọsàn. Bí ìyá ìyàwó bá jẹ́ aláṣọ, kí a fi ọ̀dà aláwọ̀ aró ya àmì àdìrẹ yí gbogbo etí ìwé náà ká.

Fírémù náà ní ọ̀nà tirẹ̀. Bí gíláàsì bá fara kan ọ̀dà, nígbà òjò, ọ̀rinrin á lẹ̀ wọ́n pọ̀, kò sì ní ṣeé tú mọ́. Páálí tí a gé ihò sí láàárín ni kí a fi ya wọ́n sọ́tọ̀. Kí wọ́n má gbé e kọ́ sí ibi tí oòrùn ti ń wọlé tààrà, torí oòrùn á jẹ àwọ̀ rẹ̀. Pákó ẹ̀yìn fírémù sì ni ikán ń fẹ́ jù, nítorí náà ògiri inú ilé tó gbẹ ló dára.

Àtakò tó lágbára jù ni ti àwọn tó ní ẹ̀bùn tí kò ṣeé sè, tí kò ṣeé wọ̀, fífi owó ṣòfò ni fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ilé. Òótọ́ ni pé tọkọtaya nílò ìkòkò. Ṣùgbọ́n ìkòkò ni gbogbo ènìyàn ń mú wá, méjì nínú rẹ̀ á sì wà nínú páálí títí. Owó tí ẹ̀bùn yìí ń jẹ kò pọ̀: fírémù lọ́wọ́ káfíńtà, ìgò ọ̀dà díẹ̀, àti ìrọ̀lẹ́ mélòó kan. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n yà, kí ó wá àwọn tó ń fi ọwọ́ kọ pátákó ojú ṣọ́ọ̀bù. Báńà tí ẹ̀rọ ń tẹ̀ ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn, ọwọ́ wọn ò sì tíì kú. Bí ìgbéyàwó náà bá wá tú ńkọ́? Àwọn ọmọ tí wọ́n bí ṣì ní ilé bàbá àti ilé ìyá, orúkọ méjèèjì sì wà lára ìwé náà.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá mú ìwé ìpè wá fún yín lọ́dún yìí, ẹ tọrọ ẹ̀dà méjì lọ́wọ́ rẹ̀: ọ̀kan fún ìdánwò, ọ̀kan fún fírémù.