Ẹsẹ̀ Òsì Táyé Táíwò

Ní ọ̀sán Sátidé kan, ìyá kan fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ wá bá mi lórí pápá eléruku tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọdé ní bọ́ọ̀lù ní Kubwa, Abuja. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Kóòṣì. Ẹ dákun, ẹ bá mi tún ẹsẹ̀ ọmọ yìí ṣe. Òsì ló fi ń gbá gbogbo nǹkan." Ọmọ ọdún 11 ni ọmọ náà. Ó dorí kodò, ó ń wo bàtà rẹ̀. Imú bàtà òsì ti ya, ti ọ̀tún ṣì ń dán.

Mo ní, "Mọ́mì, ẹ dìde. Ẹsẹ̀ yẹn gan-an ni mo ń wá kiri."

Ohun tó ń kọ ọ́ lóminú yé mi. Ilé Yorùbá ni wọ́n ti tọ́ wa, níbi tí wọ́n ti ń sọ fún ọmọ pé a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni. Ọmọ tó bá na ọwọ́ òsì gba owó lọ́wọ́ àgbà yóò gba ìfọ́tí mọ́ ọn. Èmi náà, òsì ni mo bá wáyé. Tíṣà kan nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fi rúlà lu ìka mi títí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀tún kọ̀wé. Ọwọ́ gbà, ẹsẹ̀ kọ̀. Ẹsẹ̀ tó kọ̀ yẹn ni mo fi gbá nọ́ńbà 3 ní gbogbo ìgbà èwe mi, òun náà ló sì jẹ́ kí n fẹ́ràn Táyé Táíwò, nọ́ńbà 3 Nàìjíríà, ju gbogbo àwọn agbábọ́ọ̀lù tó kù lọ.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé nọ́ńbà 3 fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Apá òsì ẹ̀yìn ló ń ṣọ́. Bí ọ̀tá bá gba ọ̀nà ibẹ̀ bọ̀, òun ni yóò dá a dúró. Bí bọ́ọ̀lù bá ti bọ́ sọ́wọ́ tiwa, òun náà ni yóò sáré gba etí ìlà lọ síwájú, tí yóò gbé bọ́ọ̀lù sójú ilé fún àwọn tó ń wá góòlù. Ẹlẹ́sẹ̀ ọ̀tún tí a bá fi síbẹ̀, bó bá sáré dé igun, àfi kó kọ́kọ́ dúró, kó fa bọ́ọ̀lù bọ̀ sí ẹsẹ̀ ọ̀tún, kó tó gbé e. Ìṣẹ́jú àáyá kan péré ni, ṣùgbọ́n láàárín rẹ̀ ni ọ̀tá ti tò sí ìlà. Ẹlẹ́sẹ̀ òsì kì í dúró. Nínú ọmọ 34 tí mo ń kọ́, mẹ́ta péré ni wọ́n.

Èkó ni wọ́n ti bí Táíwò ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹrin 1985. Lobi Stars ti Makurdi ló wà kí Marseille ti ilẹ̀ Faransé tó mú un lọ ní 2005. Ọdún yẹn kan náà ni kóòṣì Samson Siasia kó àwọn ọ̀dọ́ tí kò tíì ju ogún ọdún lọ sí Netherlands fún ife ẹ̀yẹ àgbáyé. Nígbà tí wọ́n pàdé Morocco ní ìpele tó ṣáájú àṣekágbá, góòlù mẹ́ta sí òdo ni àwọn ọmọ wa fi nà wọ́n. Táíwò jẹ ọ̀kan, Olúbáyọ̀ Adéfẹ́mi jẹ ọ̀kan. Dìfẹ́ńdà méjì, ọmọ Yorùbá méjì. Argentina borí wa ní àṣekágbá ní Utrecht, 2-1, pẹ́nárítì méjì ni Messi sì fi borí wa. Nígbà tí wọ́n ń pín àmì ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó dára jù, Messi ló gba ipò kìíní, Mikel Obi gba ìkejì, Táíwò gba ìkẹta. Agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn ni o! Mo máa ń sọ ọ́ fún àwọn ọmọ mi, mo sì máa ń tún un sọ.

Ní oṣù Kìíní 2006, a kóra jọ sí ilé ìwòran kan ní Nyanya láti wo Nàìjíríà àti Ghana nínú ife ẹ̀yẹ Áfíríkà ní Port Said. Òdo sí òdo ni nígbà tí jẹnẹrétọ̀ kú. Òkùnkùn ṣú bo gbogbo wa, ẹni tó ni ilé náà ń wá jálá epo kiri. Lójijì ni ariwo sọ láti ilé kejì. A tú jáde, a ń béèrè pé ta ni, ta ni? Ọkùnrin kan na ìka mẹ́ta sókè. Nọ́ńbà 3. Táíwò ti gbá a wọlé ní ìṣẹ́jú 86, òun nìkan ni góòlù ọjọ́ náà. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta 2022, nígbà tí Ghana fi 1-1 gba àyè ife ẹ̀yẹ àgbáyé Qatar mọ́ wa lọ́wọ́ ní pápá ìṣeré Moshood Abiola níbí, mo jókòó láàárín àwọn èrò, ìka mẹ́ta yẹn ni mo ń rántí.

Ní 2010 Marseille gba liigi Faransé, èyí tí wọn kò rí gbà fún ọdún 18, Táíwò sì wà níbẹ̀. Kì í ṣe pé kò ní àléébù. Ó máa ń lọ síwájú débi pé ẹ̀yìn rẹ̀ á ṣófo, mo sì ti pariwo lé tẹlifíṣàn lórí nítorí rẹ̀. Níbi ife ẹ̀yẹ àgbáyé ní South Africa lọ́dún kan náà, ó fara pa nígbà tí a ń bá Greece gbá, ó jáde, wọ́n sì nà wá ní 2-1.

Ṣùgbọ́n oṣù Kẹrin 2011 ni n kò lè gbàgbé. Ní ọjọ́ 18, ìjàm̀bá ọkọ̀ pa Adéfẹ́mi ní ilẹ̀ Greece, níbi tó ti ń gbá bọ́ọ̀lù fún Xanthi. Ọmọ ọdún 25 ni. Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà lálẹ́ ọjọ́ náà, n kò lè jẹun. Ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn náà, ní Stade de France, Marseille àti Montpellier ń du ife liigi. Góòlù kan ṣoṣo ló wọlé, Táíwò ló sì jẹ ẹ́. N kò mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Ní tèmi, Netherlands ni mo ń rí, àwọn ọmọ méjì tí wọ́n jọ wà lẹ́yìn, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ góòlù kan.

Lẹ́yìn ìyẹn ló lọ sí AC Milan. Kò rí àyè tó pọ̀, wọ́n sì yá a fún QPR ní London. Ó dé Kyiv, ó dé Bursa, ó dé Helsinki, ó sì dé Rovaniemi ní Finland, ìlú tí oòrùn kì í wọ̀ lóṣù Kẹfà. Àwọn kan ń sọ pé ó já wálẹ̀. Inú mi kì í dùn sí ọ̀rọ̀ yẹn. Ẹni tó ti gba liigi Faransé, tó lé ní ọgbọ̀n ọdún, tó ṣì ń jí lówùúrọ̀ láti lọ ṣọ́ etí ìlà ní ìlú tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ bàbá rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ ló fẹ́ràn.

Ọmọ ìyá yẹn ṣì wà lọ́dọ̀ mi. Mo ti kọ́ ọ bí yóò ṣe gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún sí ẹ̀gbẹ́ bọ́ọ̀lù, kí ìka ẹsẹ̀ náà kọjú síbi tó fẹ́ kó lọ, kó tó ju òsì. Sátidé tó kọjá, ó sáré dé igun, kò dúró, ó gbé e sójú ilé, ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì fi orí kàn án wọlé. Ìyá rẹ̀ pàtẹ́wọ́ lábẹ́ igi máńgòrò. Gbogbo wọn dì mọ́ ọn, ó ń rẹ́rìn-ín, èmi sì ń ké láti etí pápá pé, "Padà sẹ́yìn! Ẹ̀yìn rẹ ti ṣófo!"