Ìdánwò Tí Dókítà Ń Fi Ọwọ́ àti Ẹnu Ṣe

Bí ènìyàn bá dúró ní oríta Àtàn lówùúrọ̀, yóò rí àwọn òṣìṣẹ́ tí ń wọkọ̀ lọ sí ilé-iṣẹ́ l'Ọ́tà àti Àgbárá, yóò sì rí àwọn ìyá tí ń sọ gaàrí, epo àti ẹ̀fọ́ kalẹ̀ fún títà. Nínú irú owó ọjà bẹ́ẹ̀ ni àwọn òbí mìíràn ti ń san owó ilé-ìwé ọmọ tí ń kọ́ iṣẹ́ dókítà, bóyá ní Ṣàgámù, ní Ìdí-Àràbà tàbí ní Ìbàdàn. Èrò ọ̀pọ̀ wa ni pé bí ọmọ bá ti lè ka àwọn ìwé ńláńlá wọ̀nyẹn tán, tí ó sì dáhùn ìbéèrè tí a kọ sí pátákó, ó ti di dókítà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìdánwò kan wà níwájú tí a kì í fi gègé ṣe. Ojú, etí, ọwọ́ àti ẹnu ni a fi ń ṣe é. Ibẹ̀ ni ọmọ tí orí rẹ̀ pé pàápàá ti lè ṣubú. Ó yẹ kí a mọ̀ nípa rẹ̀, nítorí àwa gan-an ni a ó fi ohun tí wọ́n kọ́ níbẹ̀ tọ́jú lọ́la.

Àwa olùkọ́ mọ irú ìdánwò bẹ́ẹ̀. Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ni, akẹ́kọ̀ọ́ lè gba máàkì rẹpẹtẹ nínú ìwé lórí bí a ti ń kọ́ ọmọdé. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí a bá ní kí ó dúró níwájú ogójì ọmọ, tí ọ̀gá sì jókòó sí ẹ̀yìn kíláàsì tòun ti ìwé lọ́wọ́, ọjọ́ náà ni a ó mọ̀ bóyá olùkọ́ ni tàbí òǹkàwé lásán. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti dókítà.

Ọ̀nà àtijọ́ ni pé kí a mú akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn aláìsàn kan tí kò rí rí. Yóò bi í léèrè ìtàn àìsàn rẹ̀, yóò yẹ ara rẹ̀ wò, lẹ́yìn náà ni àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n yóò máa da ìbéèrè bò ó. Ọ̀nà náà dára, ṣùgbọ́n oríire pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹnì kan lè bá aláìsàn tí ó mọ ọ̀rọ̀ í sọ pàdé, kí ẹnì kejì bá ẹni tí kò fẹ́ la ẹnu. Ní 1975, Ronald Harden, olùkọ́ ìṣègùn ní ìlú Dundee ní Scotland, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ọ̀nà mìíràn jáde. Wọ́n pín ìdánwò sí ibùdó-ibùdó. Iṣẹ́ kan ni ó wà ní ibùdó kọ̀ọ̀kan. Bí agogo bá dún, kí olúkúlùkù kọjá sí èkejì. Iṣẹ́ kan náà ni gbogbo wọn yóò ṣe, òṣùwọ̀n kan náà ni a ó sì fi wọ̀n wọ́n. Ọ̀nà yìí ti tàn ká ayé, ó sì ti dé Nàìjíríà.

Èyí tí orúkọ rẹ̀ wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ dókítà wa ni PLAB, ìdánwò àwọn tí ó fẹ́ lọ ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Apá kìn-ín-ní jẹ́ ti ìwé: ìbéèrè 180 ní wákàtí 3. Ìlú Manchester ni a ti ń ṣe apá kejì. Iṣẹ́ 16 ni, ìṣẹ́jú 8 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó dúró bí aláìsàn sábà máa ń jẹ́ òṣèré tí a ti kọ́ ní ohun tí yóò sọ. Olùdánniwò kàn ń wò wọ́n ni. Ọ̀nà mẹ́ta ni máàkì gbà ń wá: bí dókítà ti wádìí àìsàn, bí ó ti ṣètò ìtọ́jú, àti bí ó ti bá ènìyàn lò. Ẹ kíyè sí ìkẹta yẹn. Ìwà ọmọlúwàbí ní máàkì tirẹ̀! Owó apá kejì yìí nìkan súnmọ́ ẹgbẹ̀rún kan pọ́n-ùn, láìka owó ọkọ̀ òfuurufú. Ẹni tí ó bá kùnà, tí ó sì fẹ́ tún un ṣe, yóò tún un san.

Báwo wá ni a ṣe ń múra sílẹ̀? Èkínní ni ọwọ́. Dókítà ń wo ara, ó ń fọwọ́ kàn án, ó ń fi ìka kàn án kó-kó-kó, ó sì ń fi etí gbọ́ ọ. Leopold Auenbrugger, dókítà kan ní Vienna, ni ó kọ ìwé lórí fífi ìka kan àyà aláìsàn ní 1761. Ọmọ onílé-ọtí ni. Wọ́n máa ń sọ pé lára àgbá ọtí tí wọ́n ń kàn láti mọ ibi tí ọtí dé ni ó ti rí ọgbọ́n náà. Ẹ̀yin tí ń ta epo kò ní ṣe àríyànjiyàn: ibi tí epo wà nínú àgbá ń dún kì, ibi tí ó ṣófo ń dún gbọin. Àyà tí omi ti kún náà ń dún kì. Irú ọgbọ́n báyìí kì í ti inú ìwé wọ ọwọ́, àṣetúnṣe ni. Ẹ̀jẹ̀ ríru pàápàá ní ìlànà tirẹ̀: kí aláìsàn kọ́kọ́ jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú 5, kí a gbé apá rẹ̀ lé nǹkan ní déédéé ọkàn, kí a má ṣe wé ọ̀já náà lé orí aṣọ.

Èkejì ni ẹnu, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ wà. Bí ìyá àgbà bá ní "Àyà ń já mi," ṣé ẹ̀rù ni ó ń bà á, tàbí ọkàn rẹ̀ ni ó ń sáré? Bí obìnrin bá ní "Inú ń run mí," ṣé lẹ́yìn oúnjẹ ni, tàbí nígbà nǹkan oṣù? Bí ọkùnrin bá ní jẹ̀díjẹ̀dí ń dá òun láàmú, ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ ni, ìdí yíyọ ni, tàbí agbára ọkùnrin tí ó dínkù? Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò bá tún béèrè yóò kọ ohun mìíràn sínú ìwé. Nítorí náà ni a ṣe ń kọ́ wọn láti béèrè nǹkan mẹ́ta: Kí ni ẹ rò pé ó fà á? Kí ni ó ń bà yín lẹ́rù jù? Kí ni ẹ fẹ́ kí n ṣe fún yín? Abéèrè kì í ṣìnà.

Ẹ gbọ́ bí ó ti ṣe pàtàkì tó. Ìyá tí ń mu àgbo wá sọ́dọ̀ dókítà. Bí dókítà bá jágbe mọ́ ọn pé, "Ẹ tún ti lọ mu àgbo!" ìyá náà kò ní jẹ́wọ́ mọ́ láé. Dókítà yóò sì fún un ní oògùn láìmọ ohun tí ó ti wà nínú ikùn rẹ̀. Ewu ńlá ni. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò.

Ẹ̀yin òbí, ẹ lè ṣe ìrànwọ́ ju owó lọ. Bí ọmọ yín bá wá sílé, ẹ jókòó fún un bí aláìsàn. Ẹ jẹ́ kí ó fọ ọwọ́, kí ó kí yín, kí ó sọ orúkọ rẹ̀, kí ó gba àṣẹ kí ó tó fọwọ́ kàn yín, kí agogo sì wà lórí tábìlì. Bí ó bá sọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ọsibítù tí kò yé yín, ẹ sọ fún un pé kò yé yín. Olùkọ́ rẹ̀ kò lè kọ́ ọ ní ẹ̀kọ́ yẹn jù yín lọ. Bí ẹ bá sì wà ní ọsibítù ńlá tí akẹ́kọ̀ọ́ ní òun fẹ́ yẹ̀ yín wò, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti kọ̀. Ṣùgbọ́n bí ara bá gbà á, ẹ jẹ́ kí ó kọ́ iṣẹ́.

Àwọn kan nínú àwọn ọmọ wọ̀nyí yóò lọ sí Manchester, àwọn kan yóò sì dúró tì wá. Ẹni tí ó dúró yóò bá èrò tí ó kún bámú-bámú pàdé l'Ọ́tà níhìn-ín. Òǹgbẹ yóò máa gbẹ ẹ́, kò sì ní sí olùdánniwò ní igun yàrá. Bí ó bá tún fọ ọwọ́ rẹ̀, tí ó kí ìyá aláàgbo, tí ó sì béèrè ohun tí ń bà á lẹ́rù, nígbà náà ni a ó mọ̀ pé ó yege.