Printer Tuntun Ń Ṣe Bákan? Ẹ Gbọ́ Ẹjọ́ Ẹni Mẹ́ta Kí Ẹ Tó Dájọ́

Láti ọwọ́ ọmọ ẹgbẹ́ Press Club kan, SS 2

 

Ní sáà yìí, ó ti tó ilé mẹ́rin nínú kíláàsì wa tí wọ́n ra printer oní-íǹkì, nítorí owó tí à ń ná ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà ti pọ̀ jù. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí kò ṣe bákan lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Ọ̀kan ń pariwo, ọ̀kan ń gbé bébà méjì pọ̀, òmíràn ń tẹ ojú ewé funfun báláú jáde. Kíá làwọn ará ilé á ti pariwo pé, "Ayédèrú ni wọ́n tà fún wa o!"

Ẹ fara balẹ̀. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹni mẹ́ta ló wà nínú ẹjọ́ printer: ẹ̀rọ fúnra rẹ̀, bébà, àti kọ̀ǹpútà tàbí fóònù tó ń rán an níṣẹ́. Ẹni tí kò bá gbọ́ tẹnu mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè san owó àtúnṣe lórí ohun tí kò bàjẹ́ rárá.

BÓ ṢE Ń ṢIṢẸ́

Orí kan wà nínú ẹ̀rọ yìí tó ń lọ tó ń bọ̀ lórí bébà. Abẹ́ orí náà kún fún ihò tó tín-ín-rín ju irun orí wa lọ, ibẹ̀ sì ni íǹkì ti ń kán sórí bébà. Nínú ti HP àti Canon tí à ń lò nílé, iná máa ń mú kí íǹkì gbóná lójijì, á hó, híhó náà á sì ti ẹ̀kán kan jáde. Ti Epson kì í gbóná. Ohun kékeré kan ló máa ń tẹ íǹkì jáde bí iná bá ti kàn án. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun: HP ti gbé ThinkJet jáde láti 1984.

Àwọ̀ mẹ́rin ló sábà wà níbẹ̀: dúdú, yẹ́lò, búlúù bí ojú ọ̀run, àti pupa tó jọ omi zobo. Nínú ìpapọ̀ wọn ni gbogbo àwọ̀ yòókù ti ń jáde.

ARIWO ỌJỌ́ ÀKỌ́KỌ́

Tí ẹ bá kọ́kọ́ tan printer tuntun, á máa kùn, á máa dún kọ́ọ́kọ́ọ́. Èyí tó ní táǹkì lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ń fa íǹkì wọ inú rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ó sì ń lé afẹ́fẹ́ jáde. Ìdí nìyẹn tí íǹkì fi máa ń lọ sílẹ̀ kí ẹ tó tẹ ìwé kankan. Kò sẹ́ni tó jí i. Ẹ má pa á, ẹ má fa wáyà yọ.

Àmọ́ tó bá ń dún bí ohun tó ń ha irin, ẹ pa á, kí ẹ wo inú rẹ̀ dáadáa. Ilé iṣẹ́ máa ń lẹ téèpù mọ́ ọn kí nǹkan má bàa mì lójú ọ̀nà. Tí ẹyọ kan bá ṣẹ́ kù, orí ò ní lè rìn. Cartridge náà sábà máa ń ní téèpù tirẹ̀ lẹ́nu. Tí ẹ ò bá bó o, ojú ewé funfun lẹ ó máa rí.

ẸJỌ́ KÌÍNÍ: Ẹ̀RỌ FÚNRA RẸ̀

Ẹ yọ kọ̀ǹpútà kúrò nínú ọ̀rọ̀ ná. Ọ̀pọ̀ printer ló lè dá tẹ ojú ewé àyẹ̀wò tí wọ́n ń pè ní nozzle check. Ìwé kékeré tó bá a wá nínú páálí á sọ bọ́tìnnì tí ẹ ó tẹ̀. Á fa ìlà wẹ́wẹ́ ní àwọ̀ kọ̀ọ̀kan. Tí ìlà bá pé, orí ẹ̀rọ ò lẹ́bi, ẹ wá ẹlẹ́bi síbòmíràn. Tí ìlà bá já tàbí tí àwọ̀ kan ò sí, ihò ti dí tàbí afẹ́fẹ́ ti há síbẹ̀.

Owó àjọ ni màmá mi fi ra tiwọn, kí wọ́n lè máa bá àwọn aládùúgbò tẹ̀wé. Lọ́jọ́ kẹta, mo tẹ àsíá Nàìjíríà fún iṣẹ́ Civic, ló bá jáde ní yẹ́lò, funfun, yẹ́lò! Ọ̀gá kan tó ń tún ẹ̀rọ ṣe ní orí rẹ̀ ti kú, ká mú owó wá kí òun tú u. Mo ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò." Ojú ewé àyẹ̀wò fi hàn pé dúdú, yẹ́lò àti pupa pé; búlúù nìkan ni kò yọjú. Ẹ sì rántí pé búlúù àti yẹ́lò ló ń para pọ̀ di àwọ̀ ewé. Búlúù ò wá, yẹ́lò nìkan ló dá dé ìpàdé. A ní kí ẹ̀rọ fọ orí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kò tíì pé. A fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, a tún fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ìlà búlúù sì pé pérépéré. A ò san kọ́bọ̀.

Kí ló dé tí a ò fọ̀ ọ́ léraléra? Fífọ̀ ń mu íǹkì gan-an, inú fóòmù kan nínú ikùn ẹ̀rọ ló sì ń dà á sí. Tí fóòmù yẹn bá kún, ọ̀pọ̀ printer á kọ iṣẹ́. Ẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta, kí ẹ jẹ́ kó sinmi mọ́jú.

ẸJỌ́ KEJÌ: BÉBÀ

Bébà máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́. Lásìkò òjò, èyí tí a tú sílẹ̀ lórí tábìlì á rọ̀, á ká, á lẹ̀ mọ́ra. Ni ẹ̀rọ bá gbé méjì lẹ́ẹ̀kan. Ẹ fi bébà sínú ọ̀rá rẹ̀, ẹ gbọ̀n ọ́n kó yà síra kí ẹ tó kó o wọlé, ẹ má sì kó o kún jù. Tí ìwé bá ń jáde ní wíwọ́, ẹ sún àwọn ike kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kó kan bébà láì fún un.

Èyí tó ń da ọ̀pọ̀ láàmú ni ìwọ̀n. A4 ni bébà tiwa: 210 mílímítà ní fífẹ̀, 297 ní gígùn. Ṣùgbọ́n ètò Amẹ́ríkà, ìyẹn Letter, ló wà lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà: bíi 216 sí 279. Méjèèjì ò bára mu, ni etí iṣẹ́ bá gé tàbí kí ẹ̀rọ máa ṣàròyé. Ẹ yí i sí A4, ó parí. Bákan náà, tí ẹ bá yan photo paper nígbà tó jẹ́ bébà lásán lẹ kó sínú rẹ̀, íǹkì á pọ̀ jù, bébà á tutù rinrin.

ẸJỌ́ KẸTA: KỌ̀ǸPÚTÀ ÀTI FÓÒNÙ

Tí àyẹ̀wò bá pé, tí bébà náà dára, àmọ́ tó ń tẹ àmì jágbajàgba tí ẹnikẹ́ni ò lè kà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ driver tí kì í ṣe tirẹ̀ ló wà lórí kọ̀ǹpútà. Ẹ yọ ọ́, kí ẹ fi èyí tó bá orúkọ àti nọ́ńbà ẹ̀rọ yín mu gan-an síbẹ̀.

Tí ẹ bá tẹ print tí nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀, ẹ wo àwọn iṣẹ́ tó tò sílẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Iṣẹ́ kan tó há lè dí gbogbo èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lọ́nà. Ẹ pa á rẹ́. Ẹ má tẹ print lẹ́ẹ̀mẹwàá o, tó bá jí, ẹ̀ẹ̀mẹwàá ló máa tẹ̀ ẹ́!

Ní ti Wi-Fi, 2.4 GHz nìkan ni ọ̀pọ̀ printer ilé mọ̀. Tí hotspot fóònù yín bá wà lórí 5 GHz, irú printer bẹ́ẹ̀ ò ní rí i.

OHUN TÓ Ń PA PRINTER NÍ TÒÓTỌ́

Ọ̀kan ni pípa á láti ara ògiri. Tí ẹ bá fi bọ́tìnnì tirẹ̀ pa á, orí á padà sáyè rẹ̀, rọ́bà á sì bo ihò kí íǹkì má bàa gbẹ. Tí iná bá lọ lójijì, orí lè wà níta, pàápàá lásìkò ọyẹ́, kí íǹkì sì gbẹ mọ́ ihò. Nítorí náà, bí NEPA bá mú iná dé, ẹ tan án, kí ẹ tún fi bọ́tìnnì pa á. Ẹ tún máa tẹ ojú ewé aláwọ̀ kan lọ́sẹ̀, ó kéré tán.

Tí ẹ bá ti fọ̀ ọ́, tó ti sinmi, tí ìlà ò pé síbẹ̀, tàbí tó ń run bí ohun tó ń jó, ó bàjẹ́ nìyẹn. Ẹ mú rìsíìtì àti ojú ewé àyẹ̀wò, ẹ tètè dá a padà fún ẹni tó tà á. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọ́kọ́ tú u, torí ẹni tó tà á lè kọ̀ láti gbà á.

Ẹni tí ti ilé rẹ̀ bá ń ṣe bákan, kó mú ojú ewé àyẹ̀wò wá sí tábìlì Press Club lọ́jọ́ Ẹtì, a ó jọ kà á. Ẹ má gbé ẹ̀rọ wá o, bébà yẹn ti tó.