Iná Kékeré Tó Ń Gba Igbó Lọ́wọ́ Iná Ńlá

Aládùúgbò mi, ẹ ní òjò kò tíì pẹ́ tó dáwọ́ dúró, síbẹ̀ èéfín ti gba ojú ọ̀run lẹ́yìn òkè Ṣábẹ̀. Ẹ ní kí ló dé tí àwọn àgbà ń wò ó níran? Ẹ jókòó, kí n ṣàlàyé rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Àwọn àgbà náà gan-an ló ran iná yẹn, kí igbó má baà jóná ni wọ́n sì ṣe ràn án.

Ẹ kọ́kọ́ wo ilẹ̀ wa. Ṣábẹ̀, tí ìwé ìjọba ń kọ ní Savè, wà ní ẹkùn Collines ní Benin, láàárín odò Ouémé àti odò Ọ̀pàrà tó jẹ́ ààlà àwa àti Nàìjíríà. Ọ̀dàn ló pọ̀ jù níbẹ̀: koríko tó ga ju ènìyàn lọ, pẹ̀lú igi òrí, igi irú, àyìn àti apá láàárín rẹ̀. Igbó dúdú wà létí odò, ní ẹsẹ̀ òkè àti níbi tí wọ́n ti ń bọ òrìṣà. Láti oṣù kọkànlá títí wọ oṣù kẹta, òjò kì í sábà rọ̀, ọyẹ́ a sì fa omi inú ewé gbẹ.

Ní àkókò yìí, àwọn tó ń wá iná pọ̀. Àgbẹ̀ fẹ́ sun ohun tó ṣán. Darandaran fẹ́ kí koríko tútù rú fún màlúù. Ọdẹ fẹ́ kí ẹran jáde. Ẹni tó ń kó oyin náà a gbé ìtùfù dání. Nítorí náà, kò sí ẹ̀ẹ̀rùn tí iná kì í wọ ọ̀dàn. Ohun tó kù lọ́wọ́ ènìyàn ni oṣù tí yóò wọ̀ ọ́.

Iná oṣù kọkànlá tàbí oṣù kejìlá bá koríko tí omi ṣì wà nínú rẹ̀. Ọwọ́ iná kì í ròkè, kì í yára; bí ilẹ̀ bá ṣú tí ìrì sẹ̀, ó lè kú fúnra rẹ̀. Ó jó ibì kan, ó fi ibòmíràn sílẹ̀. Ibi tó ti jó yẹn di odi: iná mìíràn tó bá dé ibẹ̀ kò ní rí nǹkan jẹ. Ṣùgbọ́n ní oṣù kejì, koríko ti gbẹ pátápátá, atẹ́gùn sì le. Iná á gun igi, á pa ọ̀dọ́ igi, á jó kajú tí ènìyàn fi ọdún mẹ́wàá tọ́. Àwọn baba wa ní bí oko bá jó, màjàlà á ṣòfófó. Bí ẹ bá rí màjàlà tó ń bọ́ sí àgbàlá yín lóṣù kejì, iná ńlá ti dé nìyẹn.

Àwọn onímọ̀ igbó náà ti dán ọ̀rọ̀ yìí wò. Ní 1929, wọ́n pín ilẹ̀ sí mẹ́ta ní Olókèméjì, láàárín Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta. Wọ́n ń sun ọ̀kan ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn lọ́dọọdún, wọ́n ń sun èkejì ní ìparí rẹ̀, wọn kò sì jẹ́ kí iná kan ẹ̀kẹta. Nígbà tó pé bí ọgbọ̀n ọdún, èyí tí iná kò kàn ti ń di igbó. Èyí tí wọ́n ń tètè sun ní igi púpọ̀. Èyí tí iná ìparí ẹ̀ẹ̀rùn ń jó ṣì jẹ́ ọ̀dàn tí igi rẹ̀ kò tó nǹkan. Ní 1936, àwọn mìíràn bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀ ní Kokondékro, nítòsí Bouaké ní Côte d'Ivoire. Ohun kan náà ni wọ́n rí.

Ẹ ó wá ní, kí ló dé tí a kò kúkú lé iná kúrò pátápátá? Ní ibi kékeré, ó ṣeé ṣe, àwọn baba wa sì ṣe é. Igbó orò àti igbó ìmùlẹ̀ ni ẹ̀rí. Èèwọ̀ ni láti dáná níbẹ̀ tàbí gé igi rẹ̀. Ẹni tó bá ṣe é yóò ṣètùtù. Òjìji igi ńlá kì í jẹ́ kí koríko hù lábẹ́ rẹ̀, iná kò sì rí ohun tí yóò jẹ wọlé. Àwọn tó kà wọ́n ní àwọn ọdún 1990 rí irú igbó bẹ́ẹ̀ 2,940 ní Benin. Ní 2012, ìjọba fọwọ́ sí ìwé tó fún wọn ní ipò lábẹ́ òfin.

Ọ̀dàn gbalasa kò ṣeé ṣọ́ bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá dáàbò bò ó fún ọdún mẹ́ta, koríko ọdún mẹ́ta ló kó jọ síbẹ̀. Iná kan ṣoṣo lóṣù kejì á sì sọ iṣẹ́ yín di eérú. Ìdí nìyí tí òṣìṣẹ́ igbó ìjọba àti ará ìletò fi ń tètè sun ọ̀dàn inú àwọn igbó ọba, irú èyí tó wà ní Tui àti Kilibo ní àríwá wa. Àwọn onílẹ̀ àtayébáyé ní Arnhem Land ní Australia ń ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú: wọ́n ń tètè sun ún ní abala-abala, iná ńlá ìparí ẹ̀ẹ̀rùn sì ti dín kù lórí ilẹ̀ wọn.

Ọgbọ́n yìí fẹ́ àjọsọ. Bí darandaran bá sun tirẹ̀ láìsọ fún olóko kajú, ìjà ló bí. Kò sì ní ọjọ́ kan pàtó, nítorí òjò kì í dáwọ́ dúró lọ́jọ́ kan náà lọ́dọọdún. Àgbà a fa koríko tu, a fọwọ́ rún un, a wo ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí, kó tó sọ pé ó yá.

Nítorí náà, èéfín tí ẹ rí láná, ẹ fi ọkàn balẹ̀ sí i. Ṣùgbọ́n bí òmíràn bá gbéra lóṣù kejì, ẹ pariwo, kí gbogbo wa jọ gbé ewé tútù àti àdá lọ bá a.