Rírékọjá òkìtì iyanrìn ẹnu òkun nínú ọkọ̀ ìpẹja kékeré

Òkìtì iyanrìn ẹnu òkun jẹ́ ìkójọpọ̀ iyanrìn tí ó wà lábẹ́ omi ní ibi tí odò tàbí ọ̀sà ti ń ṣàn wọ inú òkun. Ìṣàn omi láti inú ilẹ̀ a máa ti iyanrìn jáde, ìgbì òkun a sì máa tì í padà. Ibi tí agbára àwọn méjèèjì bá ti dọ́gba ni iyanrìn náà ń jókòó sí. Òkìtì yìí kì í sábà hàn sójú. Ohun tí ènìyàn ń rí ni ìlà ìfófó funfun níbi tí ìgbì ti ń wó, tàbí omi tí ó dákẹ́ rọ́rọ́ fún ìṣẹ́jú mélòó kan, kí ìgbì ńlá mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó gbéra léraléra. Fún apẹja tí ilé rẹ̀ wà létí ọ̀sà, tí ó sì ń pẹja lójú òkun, ẹnu-ọ̀nà ni: ó gbọ́dọ̀ gba orí rẹ̀ kọjá ní àlọ, ó sì gbọ́dọ̀ gba ibẹ̀ padà. Àbọ̀ ni ó le jù.

Ìdí tí ibẹ̀ fi léwu

Nínú omi jíjìn, ìgbì kì í ṣe omi tí ń rìn lọ. Agbára ni ó ń kọjá láàárín omi. Ọkọ̀ kékeré a gòkè, a sì sọ̀kalẹ̀ lórí rẹ̀ láìsí wàhálà. Nígbà tí ìgbì náà bá dé orí òkìtì, ìsàlẹ̀ rẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀ nítorí ilẹ̀ tí ó ti sún mọ́ ọn, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ kì í falẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ìgbì a ga sí i, ojú rẹ̀ a dúró ṣánṣán bí ògiri, lẹ́yìn náà a wó síwájú. Òṣùwọ̀n tí àwọn onímọ̀ sábà máa ń lò ni pé ìgbì yóò wó nígbà tí jíjìn omi bá kù sí nǹkan bí ìlọ́po 1.3 gíga ìgbì náà. Èyí ni pé ìgbì tí ó ga ní mítà 1.5 yóò wó níbi tí omi kò bá ju nǹkan bíi mítà 2 lọ.

Ní etíkun Èkó, ìyàtọ̀ láàárín ìgbà tí omi kún àti ìgbà tí omi fà kò ju nǹkan bíi mítà 1 lọ. Ó dàbí ohun kékeré, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a fi òkìtì tí omi orí rẹ̀ jìn ní mítà 3 ṣe àpẹẹrẹ. Nígbà tí omi bá kún, ìgbì tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí yóò kọjá lórí rẹ̀ láìwó. Ní nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà lẹ́yìn náà, nígbà tí jíjìn náà bá ti di mítà 2, ìgbì kan náà yóò wó lé ọkọ̀ lórí ní ibi tí ọkọ̀ gbà kọjá láàárọ̀ láìfura.

Èyí tí ó burú jù ni wákàtí tí omi ń fà lọ́wọ́. Gbogbo omi tí ó ti kún inú ọ̀sà a máa sáré jáde gba ẹnu tóóró kan, yóò sì pàdé ìgbì tí ń bọ̀ láti òkun lójúkojú. Ìgbì tí ó bá pàdé omi tí ń ṣàn lòdì sí i a súnkì: gígùn rẹ̀ a dín kù, gíga rẹ̀ a pọ̀ sí i, a sì tètè wó. Nígbà tí omi bá ń kún, ìgbì àti ìṣàn jọ ń lọ sí ọ̀nà kan náà, ara ìgbì a sì rọlẹ̀. Láti ìgbà tí omi kún dé ìgbà tí yóò tún kún, nǹkan bíi wákàtí 12 àti ìṣẹ́jú 25 ni. Bí òṣùpá bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, tàbí bí ó bá yọ ní kíkún, omi a kún ju bí ó ti yẹ lọ, a sì fà ju bí ó ti yẹ lọ, ìṣàn rẹ̀ a sì yára. Ní ìgbà òjò, omi odò Ògùn àti ti àwọn odò mìíràn tí ń wọ inú ọ̀sà Èkó a tún fi agbára kún ìfà náà.

Ohun kan tún wà tí ó ń tan àwọn tí kò mọ òkun jẹ. Púpọ̀ nínú ìgbì tí ń wó létíkun láti Èkó dé Lomé kì í ṣe ọmọ afẹ́fẹ́ tí ń fẹ́ níbẹ̀. Ìjì tí ó jà ní ọ̀nà jíjìn réré, ní apá gúúsù òkun Àtìláńtíìkì, ni ó rán an wá, ó sì ti rìn fún ọjọ́ púpọ̀ kí ó tó dé. Ó máa ń lágbára jù láàárín oṣù kẹfà sí oṣù kẹsàn-án. Nítorí náà, ọjọ́ tí ewé kò mì, tí oòrùn sì mú, lè jẹ́ ọjọ́ tí ẹnu ọ̀sà kò ṣeé gbà rárá.

Òkìtì Èkó

Orúkọ Bar Beach tí àwọn ará Èkó mọ̀ dáadáa wá láti ara òkìtì ẹnu ọ̀sà. Kò ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú ilé ọtí. Kí a tó tún ẹnu ọ̀sà náà ṣe, àwọn ọkọ̀ òkun ńlá kò lè wọlé. Wọ́n a dúró lóde, wọ́n a sì já èrò àti ẹrù sínú àwọn ọkọ̀ tí kò rì jìn nínú omi, tàbí kí wọ́n já ẹrù Èkó sí Forcados, kí ọkọ̀ kékeré wá gbé e láti ibẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, ìjọba àwọn Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í to òkúta wọ inú òkun bí ògiri ní ẹ̀gbẹ́ ẹnu ọ̀sà, wọ́n sì ń wú iyanrìn kúrò láàárín. Nígbà tí ó fi di ọdún 1914, ọkọ̀ òkun ńlá ti ń wọ Èkó.

Ṣùgbọ́n iyanrìn kò tán. Ìgbì etíkun yìí ń gbé iyanrìn láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn láìsinmi. Ògiri òkúta dá a dúró, ó sì ń kó jọ sí apá ìwọ̀-oòrùn. Apá ìlà-oòrùn, tí kò rí iyanrìn gbà mọ́, ni òkun bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ. Bí òkun ṣe jẹ Bar Beach fún ọ̀pọ̀ ọdún nìyẹn, kí a tó kó iyanrìn dí ibẹ̀, kí a sì kọ́ ògiri sí i fún ìlú tuntun tí à ń pè ní Eko Atlantic. Apẹja ní láti fi èyí sọ́kàn: òkìtì kì í dúró lójú kan. Níbi tí kò sí ògiri òkúta tí kò sì sí ọkọ̀ tí ń wú iyanrìn, bí ẹnu omi Bouche du Roy ní ẹ̀bá Grand-Popo ní orílẹ̀-èdè Benin, ẹnu omi náà fúnra rẹ̀ a máa ṣí kúrò ní ipò. Ọ̀nà tí a gbà ní ọdún tó kọjá kì í ṣe ẹ̀rí fún ti ọdún yìí, pàápàá lẹ́yìn ìjì tàbí àkúnya omi.

Ìmúrasílẹ̀

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni wíwò. Atukọ̀ tí ó mọ iṣẹ́ a dúró sí ibi gíga tí ó ti lè rí ẹnu omi, a sì wò ó fún nǹkan bíi ogún ìṣẹ́jú ó kéré tán, nítorí agbo-agbo ni ìgbì ń wá. Ìgbì ńlá mélòó kan a tẹ̀ lé ara wọn, omi a sì rọlẹ̀ díẹ̀ kí agbo mìíràn tó dé. Ẹni tí ó wò fún ìṣẹ́jú méjì péré lè jẹ́ pé àlàfo yẹn ni ó rí. Ibi tí ìgbì ti kọ́kọ́ ń wó ni omi kò jìn. Ibi tí omi dúdú díẹ̀, tí ìfófó kò sì pọ̀, ni ó sábà máa ń jẹ́ ọ̀nà. Wákàtí tí ó dára jù ni ìparí ìkún omi, nígbà tí omi bá fẹ́rẹ̀ẹ́ kún tán, ní ojúmọmọ. Òru kò dára, nítorí a kò ní rí ìgbì tí ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ẹ̀wù amúniléfòó gbọ́dọ̀ wà lára gbogbo ẹni tí ó wà nínú ọkọ̀ kí a tó dé orí òkìtì. Èyí tí a ká sí abẹ́ ìjókòó kò yàtọ̀ sí èyí tí a fi sílẹ̀ nílé, nítorí ọkọ̀ lè dojú dé kí ènìyàn tó na ọwọ́. A ní láti di àwọ̀n àti okùn mọ́lẹ̀, kí wọ́n má baà wé mọ́ abẹ̀bẹ̀ ẹ́ńjìnnì tàbí mọ́ ẹsẹ̀ ènìyàn nínú omi. Ẹja tí a dà sílẹ̀ nínú ọkọ̀ a máa yí lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan nígbà tí ọkọ̀ bá fì, omi tí ó wà nísàlẹ̀ ọkọ̀ a sì ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Nítorí náà, a ó kó ẹja sínú àpótí, a ó sì gbọ́n omi kúrò. Ẹrù kò gbọdọ̀ pọ̀ níwájú ọkọ̀. Púpọ̀ nínú ẹ́ńjìnnì tí à ń gbé kọ́ ìdí ọkọ̀ ní okùn kékeré kan tí atukọ̀ lè so mọ́ ara. Bí ó bá ṣubú sómi, okùn náà yóò yọ, ẹ́ńjìnnì yóò sì kú, kò ní máa sáré yí ká lórí àwọn tí ó wà nínú omi.

Epo wà lára ìmúrasílẹ̀ yìí ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò lọ. Ọkọ̀ tí ó dé ẹnu ọ̀sà ní ìrọ̀lẹ́ tí ó sì bá omi tí ń fà gbọ́dọ̀ lè dúró lóde, nínú omi jíjìn, fún wákàtí mẹ́fà tàbí títí di òwúrọ̀. Ìdúró yìí ń jẹ epo, omi mímu àti yìnyín tí ẹja wà lórí rẹ̀. Oníbàárà ń dúró lọ́jà, ẹja ń bàjẹ́, ilẹ̀ sì ń ṣú. Atukọ̀ tí ó gbé epo tí ó kàn tó àlọ àti àbọ̀ nìkan ti ṣe ìpinnu rẹ̀ láti orí ilẹ̀, kò sì ní ìpinnu mìíràn láti ṣe nígbà tí ó bá rí ìgbì.

Àlọ

Ní àlọ, iwájú ọkọ̀ ni ó kọjú sí ìgbì, atukọ̀ sì ń rí ohun tí ń bọ̀. A ó dúró sí inú ẹnu omi, kí ẹ́ńjìnnì gbóná dáadáa, títí agbo ìgbì ńlá yóò fi kọjá. Lẹ́yìn èyí, a ó lọ láìyà sí ẹ̀gbẹ́. A kò gbọdọ̀ fi eré gun ìgbì: ọkọ̀ tí ó bá sáré gun orí rẹ̀ yóò fò sókè, yóò sì já lulẹ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀, pákó lè là, ènìyàn sì lè ṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tàbí lẹ́yìn. A ó dín eré kù bí iwájú ọkọ̀ bá ti ń gòkè, a ó sì tún fi eré díẹ̀ sí i lẹ́yìn tí a bá sọ̀kalẹ̀. Ẹni tí ẹ̀rù bá bà láàárín òkìtì kò gbọdọ̀ yí ọkọ̀ padà, nítorí yíyí náà ni yóò fi ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ han ìgbì.

Àbọ̀

Ní àbọ̀, ìdí ọkọ̀ ni ó kọjú sí òkun, láti òkun sì ni ẹ̀yìn ìgbì nìkan ń hàn. Ìfófó àti ojú rẹ̀ tí ń wó wà ní apá kejì. Ìdí nìyí tí òkìtì fi máa ń dàbí ohun pẹ̀lẹ́ lójú ẹni tí ń bọ̀ wálé.

Ewu tí ó tóbi jù ni kí ìgbì ba ọkọ̀ láti ẹ̀yìn. Ìgbì a gbé ìdí ọkọ̀ sókè, iwájú a rì sínú omi, a sì dúró bí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ́ òkúta; ìdí ọkọ̀ tí ìgbì ṣì ń tì a yí wá sí ẹ̀gbẹ́, ìtọ́kọ̀ kò ní ṣiṣẹ́ mọ́, ìgbì náà a sì yí ọkọ̀ dànù. Gbogbo rẹ̀ kì í ju ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan lọ.

Ọkọ̀ tí ó yára lè yẹra fún èyí nípa jíjókòó sí ẹ̀yìn ìgbì kan, kí ó sì bá a wọlé. Ní omi tí ó jìn ní mítà 2, ìgbì ń rìn ní nǹkan bíi kìlómítà 16 ní wákàtí kan. Ní mítà 3, ó ń súnmọ́ 20. Ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lè ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ẹrù yóò dúró sí ẹ̀yìn ìgbì, kò ní lé e kọjá lórí, kò sì ní jẹ́ kí èyí tí ń bọ̀ lẹ́yìn bá a. Ọkọ̀ tí kò yára tó kò gbọdọ̀ gbìyànjú èyí. Tirẹ̀ ni kí ó yan àlàfo láàárín agbo méjì, kí ó fi ìdí rẹ̀ sí ìgbì gbọọrọgbọ, kí ó sì dín eré kù nígbà tí ìgbì bá fẹ́ gbé e, kí ìgbì lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Okùn gígùn tí ó nípọn, tí a so mọ́ ìdí ọkọ̀ tí a sì ń wọ́ nínú omi, a máa fa ọkọ̀ sẹ́yìn kí ó má baà sáré níwájú ìgbì. Ṣùgbọ́n a ní láti ṣọ́ ọ kí ó má wé mọ́ abẹ̀bẹ̀ ẹ́ńjìnnì.

Ọgbọ́n yìí kò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì. Ní Accra, Lomé àti Cotonou, kí a tó kọ́ èbúté sí wọn, ọkọ̀ alájẹ̀ ni ó ń gbé èrò àti ẹrù láàárín ìgbì láti inú ọkọ̀ ńlá dé etíkun. Atukọ̀ a dúró ní ìdí ọkọ̀ pẹ̀lú àjẹ̀ gígùn tí ó fi ń tọ́ ọ, a sì dá àwọn alájẹ̀ dúró ní ẹ̀yìn ibi tí ìgbì ti ń wó títí àlàfo yóò fi dé. Nígbà náà ni gbogbo wọn yóò wa ọkọ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìṣọ́ àti òfin ní ilẹ̀ mìíràn

Ẹnu odò Columbia ní Amẹ́ríkà, láàárín ìpínlẹ̀ Oregon àti Washington, wà lára àwọn òkìtì tí ó gbajúmọ̀ jù fún ìjàm̀bá ọkọ̀. Àwọn ẹ̀ṣọ́ etíkun Amẹ́ríkà ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn atukọ̀ ìdóòlà sí Cape Disappointment níbẹ̀, wọ́n sì ní àṣẹ láti ti òkìtì náà mọ́ ọkọ̀ kékeré nígbà tí ìgbì bá pọ̀. Ní ìpínlẹ̀ New South Wales ní Australia, òfin ni pé kí ẹni tí ó wà nínú ọkọ̀ kékeré wọ ẹ̀wù amúniléfòó nígbà tí ó bá ń kọjá lórí òkìtì. Ní New Zealand, ní oṣù kọkànlá ọdún 2016, ọkọ̀ ìpẹja kan tí ń jẹ́ Francie dojú dé nígbà tí ó ń padà wọlé lórí òkìtì Kaipara; nínú ènìyàn 11 tí ó wà nínú rẹ̀, mẹ́jọ ni ó kú. Ní àwọn orílẹ̀-èdè méjèèjì yìí, ó wọ́pọ̀ kí atukọ̀ fi rédíò sọ fún àwọn olùṣọ́ kí ó tó bọ́ sórí òkìtì, kí ó sì tún sọ fún wọn nígbà tí ó bá kọjá tán. Níbi tí kò sí irú olùṣọ́ bẹ́ẹ̀, fóònù sí ẹnìkan nílé, pẹ̀lú wákàtí tí a ń retí ọkọ̀, lè ṣe iṣẹ́ náà.

Bí ọkọ̀ bá dojú dé

Ọkọ̀ onígi, tàbí onífíbà tí a fi fóòmù sí nínú, sábà máa ń léfòó lẹ́yìn tí ó bá dojú dé. Dídi ọkọ̀ mú dára ju wíwẹ̀ lọ, nítorí ojú tètè ń rí ọkọ̀ ju orí ènìyàn kan lọ. Apá tí ó kọjú sí òkun ni kí a ti dì í mú, kí ìgbì má baà gbé ọkọ̀ lu ènìyàn mọ́ ilẹ̀. Bí omi bá ń kún, ìṣàn yóò gbé ọkọ̀ àti àwọn ènìyàn wọnú ọ̀sà. Bí ó bá ń fà, òkun ni yóò gbé wọn lọ, kò sì sí ẹni tí ó lè wẹ̀ borí ìfà náà. Níbẹ̀, ẹni tí ó mọ wákàtí tí ó yẹ kí ọkọ̀ dé ni yóò kọ́kọ́ mọ̀ pé kí a bẹ̀rẹ̀ sí í wá wọn.