Bí a ṣe lè hú kùkùté igi nínú ọgbà ilé láìsí ewu

Ẹni tí ó bá mi kùkùté, ara rẹ̀ ni ó ń mì. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti dojú àáké kọ kùkùté mángòrò láti àárọ̀ di ọ̀sán láìrí àyípadà kan mọ̀ pé òótọ́ ni òwe yìí. Ohun tí a fẹ́ kí àwọn olùgbé ìpínlẹ̀ wa mọ̀ ni pé iṣẹ́ kò sí lára kùkùté gan-an, ìdí gbòǹgbò ni ó wà. Ẹni tí ó bá wa ilẹ̀ dáradára, tí ó sì gé gbòǹgbò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, yóò hú u láìlo katakata.

Ẹ kọ́kọ́ wo irú igi tí ó jẹ́. Kùkùté ìbẹ́pẹ kò yẹ ní ohun tí à ń làágùn lé lórí. Yóò jẹrà fúnra rẹ̀. Ọ̀pẹ àti àgbọn kì í rúwé mọ́ bí a bá ti gé wọn, ṣùgbọ́n ìtun a máa gbé inú kùkùté wọn tí ó ń jẹrà, kòkòrò tí ìtun bá sì dà a máa ba ọ̀pẹ àti àgbọn tí ó wà nítòsí jẹ́. Dóńgóyárò àti tíìkì ni alágídí: bí a bá gé wọn lónìí, wọn a tún hù.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wádìí ibi tí páìpù omi, wáyà iná àti kòtò sókàwéè wà lábẹ́ ilẹ̀. Bí gbòǹgbò bá sì ti wọ abẹ́ ìpìlẹ̀ ilé tàbí fẹ́ǹsì, ẹ má fà á. Ẹ gé e níbi tí ó ti kan ògiri.

Ọjọ́ kejì òjò ni ilẹ̀ máa ń rọ̀ fún wíwà. Bí ẹ kò bá tíì gé igi náà, ẹ fi ìtí rẹ̀ sílẹ̀ ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 4 sókè, nítorí òun ni ẹ óò fi máa tì í síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ẹ wa kòtò yí i ká. Bí gbòǹgbò bá ti hàn, ẹ da omi sí i kí òkúta àti iyanrìn kúrò lára rẹ̀, nítorí àwọn ni ó ń ba ẹnu àáké jẹ́. Ẹ gé gbòǹgbò kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì, nítòsí kùkùté àti ní etí kòtò, kí ẹ sì yọ èyí tí ó wà láàárín. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń gé e lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí yóò sì máa dí wọn lọ́wọ́ títí iṣẹ́ yóò fi parí. Nígbà tí ti ẹ̀gbẹ́ bá tán, ẹ ti ìtí náà sí apá kan, kí ẹ walẹ̀ wọ abẹ́ rẹ̀ láti apá kejì, kí ẹ sì gé èyí tí ó lọ sísàlẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dúró síbi tí ìtí ń wó sí. Ejò àti àkeekèé a máa gbé inú ihò ìdí igi; ẹ fi igi gígùn tú u kí ẹ tó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Kùkùté ńlá lè gba ọjọ́ 3 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì sí ìtìjú níbẹ̀.

A kò fara mọ́ dídáná sun kùkùté. Iná a máa bá gbòǹgbò wọ inú ilẹ̀, a sì lè jó lábẹ́lẹ̀ fún ọjọ́ púpọ̀ kí ó tó yọ níbòmíràn, pàápàá nígbà ọyẹ́. Àwọn mìíràn a máa da ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì àlòkù sí i. Ní ilé tí kànga bá wà, omi mímu ara wọn ni wọ́n ń bà jẹ́. Ẹni tí kò bá ní agbára wíwa ilẹ̀, kí ó gé kùkùté náà mọ́lẹ̀, kí ó bo erùpẹ̀ mọ́ ọn, kí ó sì máa gé èéhù rẹ̀. Yóò jẹrà, bí ó tilẹ̀ gba ọdún mélòó kan, ṣùgbọ́n kí ó máa ṣọ́ ikán, kí ó má baà ti ibẹ̀ wọ ilé.

Kòtò tí ó bá ṣẹ́kù ni a fẹ́ kí gbogbo òbí fiyè sí. Bí òjò òru kan bá kún un, ọmọdé lè kú sínú rẹ̀. Ẹ̀fọn a sì máa yé sí omi tí ó dúró. Bí iṣẹ́ kò bá parí lọ́jọ́ kan, ẹ fi pákó tí ó lágbára bò ó, kí ẹ sì gbé òkúta lé e. Bí alágbàṣe ni yóò ṣe é, ẹ rí i pé dídí kòtò wà nínú owó tí ẹ jọ dúnàá, nítorí àríyànjiyàn lórí èyí kì í tán bọ̀rọ̀. Ẹ da erùpẹ̀ padà díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí ó ga díẹ̀ ju ilẹ̀ àyíká lọ. Lẹ́yìn òjò méjì tàbí mẹ́ta yóò rì, ẹ óò sì tún bù kún un.